Gàárì Tí Bàbá Dá Padà

Nílé wa ní Mpape, lórí òkè Abuja, aago ò wúlò. Òkúta ni aago wa. Tó bá ti di ọ̀sán, àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lẹ́yìn òkè á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á sì dúró. Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò, ìyá mi á di kọ́bọ́ọ̀dù àwo mú, Rámátù àbúrò mi á fi ìka di etí, nígbà náà èmi, akọni ọmọkùnrin ilé, ti wà lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì, gbìì, eruku funfun á bọ́ láti àjà, àwọn àwo á kí ara wọn, ó tán. Ẹṣin wa nìkan ni kì í yíjú. Sànnu lorúkọ ẹ̀, ìyẹn "pẹ̀lẹ́" lédè Hausa, nítorí pé ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Òkè ì bá wó lulẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, á ṣì máa jẹ koríko ẹ̀, á máa ju ìrù. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹṣin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe ojo. Ojo ilé wa, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá tí mo bá dárúkọ níbí, bàbá tó bí bàbá mi ni. Bàbá mi fúnra wọn, tírélà ni wọ́n ń wà, ilé wa sì dà bí ibi tí wọ́n ti ń dúró mu omi lójú ọ̀nà Kánò. Ọmọ Ìlọrin ni Bàbá. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ẹṣin fún olówó kan nísàlẹ̀ ìlú kí olówó náà tó kó ẹrù ẹ̀ lọ sókè òkun, tó sì fi Sànnu ta wọ́n lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ń ṣègbéyàwó á wá yá a kí ọkọ ìyàwó lè gùn ún ya fọ́tò, ara ẹ̀ la sì ti ń jẹun. Ìró ilé wa láàárọ̀ ni ikọ́ Bàbá, korobá tó ń ha ilẹ̀, dúsà tí wọ́n ń pò fún ẹṣin, ohùn Rámátù tó ń ké Kùránì geere bí omi ẹ̀rọ, àti ohùn tèmi tó ń tẹ̀lé e bí kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì ẹ̀ já. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la máa ń jẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kíkó ìgbẹ́ ẹṣin, mo sì mọ iṣẹ́ náà débi pé títí dòní, tí mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì tí ìdánwò náà sì lu mí lẹ́ẹ̀mejì, òun nìkan ni iṣẹ́ tí mo lè sọ pé mo kọ́ yanjú. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún mi pé, "Àlàó, iṣẹ́ tí o kò ṣe máa ń rẹ̀ ọ́ ju èyí tí o ṣe lọ." Wọn ò parọ́.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí lọdún wòlímọ̀ wa, èmi àti Rámátù. Wòlímọ̀ ni ayẹyẹ tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ka Kùránì parí. Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, Rámátù jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ má bi mí bí àbúrò mi tí mo fi ọdún méjì jù ṣe bá mi parí lọ́jọ́ kan náà. Òun ló máa ń ṣí ojú ìwé fún mi. Ṣùgbọ́n àṣà ilé Bàbá ni pé ọmọkùnrin ló ń gun ẹṣin lọ síbi wòlímọ̀, kí gbogbo àdúgbò rí i, àwọn obìnrin á máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gan-an. Mo ti sọ fún gbogbo ilé kéwú pé ẹṣin ni n ó gùn, mo ti ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń juwọ́ láti òkè. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: ikán ti jẹ gàárì tí Bàbá ní. Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí wòlímọ̀, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà, wọ́n sì gbé gàárì tuntun bọ̀ lórí, awọ pupa tó ń dán, tí wọ́n fi òwú funfun gbá létí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pátá ni wọ́n ná lé e. Inú mi dùn débi pé mo kí gàárì náà káàbọ̀ kí n tó kí Bàbá.

Nílé tiwa, gàárì tuntun ò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn ẹṣin láìjẹ́ pé wọ́n rán tírà ilé sínú ẹ̀. Tírà yẹn, àdúrà ni wọ́n kọ sórí pépà tí wọ́n fi awọ bò, onígun mẹ́rin, kò ju páálí ìṣáná lọ. Tírà tiwa ti wà nínú gàárì baba Bàbá. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán gàárì wò ná, kó má baà jẹ́ pé wọ́n á dá a padà. Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó bá dán an wò kó tó ṣàdúrà sí i ti fi ọmọ ẹlòmíì ṣeré. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ tú ojú rírán abẹ́ gàárì díẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n sì pè mí. Ìka wọn ti nípọn, ojú wọn ti ń bàìbàì. Wọ́n ní kí n ki ọwọ́ kékeré mi bọ̀ ọ́, kí n wò ó bóyá nǹkan kan wà nínú òwú yẹn tó lè gún ẹṣin tàbí tó lè gún tírà.

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ níta, ètè gbogbo wa ti là, ilẹ̀ sì tutù lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n inú gàárì yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abẹ́ aṣọ ẹni tó ń sùn. Mo ti ọwọ́ síwájú, ó dé apá òsì, mo sì kan nǹkan kan. Ó tẹ́, ó ní igun mẹ́rin, ó ní òwú rírán létí. Bí mo ṣe kàn án ni mo mọ̀ ọ́n lára pé ó sún, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ológbò lójú oorun. Mo fa ọwọ́ yọ. Bàbá bi mí pé ṣé nǹkan wà níbẹ̀. Mo ní rárá.

Mo ti ronú sí rárá yẹn ju gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí mo ti ṣe láyé mi lọ. Ìyá mi ti ń bu dáńwáké sínú àwo, mo ń gbóòórùn epo àti yájì ẹ̀, ìyẹn wà níbẹ̀, mi ò lè sẹ́. Ẹ̀rù tún bà mí, mo sì rò pé tí mi ò bá dárúkọ nǹkan yẹn, kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá á dá gàárì náà padà, èmi tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń juwọ́, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn lọ síbi wòlímọ̀. Bàbá gbà mí gbọ́. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ti tírà ilé wa bọ apá ọ̀tún, wọ́n rán an pa, wọ́n fi ẹnu já òwú, wọ́n sì ní kí n lọ jẹun. Mo jẹ àwo méjì.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé gàárì sí. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí òkúta bú tán, tí àwọn àwo ti dákẹ́, tí mo ti jáde lábẹ́ tábìlì tí mo ń gbọn eruku orúnkún mi dànù, gàárì náà dún. Kẹ́ẹ́n. Ohùn awọ ni, ohùn tí gàárì máa ń dún tí àgbàlagbà bá rọra jókòó lé e. Ìyá Àgbà dá ọwọ́ ìrokà dúró, wọ́n bi wá láti ilé ìdáná pé ta ló ń jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ìyá mi ní ọyẹ́ ló ń gbẹ awọ. Mo gba ọyẹ́ gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ó dún lọ́jọ́ kẹta, ó dún lọ́jọ́ kẹrin, ó sì máa ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Rámátù ló kíyè sí i. Ó ní àkọ́kọ́ ni ìgbà tó ń gùn ún, èkejì ni ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé, kí ló mọ̀, ọmọ kékeré. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ lọ tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bẹ ọmọ kékeré náà kó sìn mí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ìjókòó gàárì náà ti tẹ̀ sínú lápá òsì, bí ìgbà tí ẹni tó wúwo bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rámátù máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láàárọ̀ títí á fi tẹ́ dọ́gba, ó fẹ́ràn kí nǹkan wà létò. Tó bá di ọ̀sán, á ti tún tẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, bí ẹni tó ń yà fún àlejò lójú ọ̀nà tóóró. Wọn ò sọ ìdí. Mo rò pé àwọn náà ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, èmi tí mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, tí mo ti fọwọ́ kàn án, mo ń jẹ ẹ̀kọ, mo ń kó ìgbẹ́, mo ń dákẹ́. Tí wọ́n bá ń fún ènìyàn ní ipò kìíní nínú ìdákẹ́, yunifásítì ì bá ti wá fi mọ́tò gbé mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá ní kí a dán an wò. Eruku ọyẹ́ ti bo òkè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé a ò rí ilé aládùúgbò, ohùn wọn nìkan là ń gbọ́. Àwọn ọmọ ilé kéwú mẹ́ta-mẹ́rin ti wá dúró létí ọgbà láti wò mí, èmi ni mo pè wọ́n. Bí Bàbá ṣe gbé gàárì jáde, awọ ara Sànnu bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápá ẹ̀yìn, bí omi tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Kò ta ìpá, kò sá. Ó jẹ́ kí wọ́n di òun ní gàárì. Lẹ́yìn náà ló yí ọrùn ẹ̀ padà wẹ́rẹ́. Kò wo gàárì, kò wo Bàbá. Lókè gàárì ló ń wò, ibi tí ojú ọkùnrin gíga ì bá wà tó bá jókòó síbẹ̀. Ó na etí méjèèjì síwájú, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹni tó mọ̀ bá ń pè é. Bàbá náà wo ibẹ̀. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Bísímílà," wọ́n sì gbé mi lé e.

Mo jókòó. Mo juwọ́ sí àwọn ọmọ ilé kéwú. Sànnu ò gbé ojú kúrò níbi tó ń wò, ó kàn jẹ́ pé ní báyìí, òkè orí mi ló wà. Mo ṣe ohun tí òmùgọ̀ máa ń ṣe, mo na ọwọ́ sókè láti fi wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó tutù lókè yẹn ju ibi tí mo wà lọ. Bàbá fa okùn ẹṣin. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, nǹkan kan dún kàù lábẹ́ mi, gàárì náà sì fì sí òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà bá a sọ̀ kalẹ̀. Inú ìgbẹ́ tí mi ò tíì kó láàárọ̀ yẹn ni mo já sí. Wọ́n ní mo ké pe ìyá mi. Mi ò rántí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé kéwú rántí, wọ́n sì rán mi létí títí mo fi jáde ilé ìwé.

Bàbá kọ́kọ́ wo orúnkún mi, wọ́n wo ìgbáròkó mi, wọ́n rí i pé kò sí ibi tó dá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí gàárì dojú bolẹ̀. Igi tó wà nínú ẹ̀, tó ń di gbogbo gàárì mú, ti ṣẹ́ lápá òsì, wọ́n sì ti fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nígbà kan rí, òun ló tún ṣí yìí. Ojú ibi tó ṣẹ́ ti dúdú. Igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, funfun ni ojú ẹ̀ máa ń rí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe òní ló ṣẹ́." Wọ́n ní a máa dá a padà, kí wọ́n dá owó wa padà fún wa, kí a lè rí òmíràn rà kí ọjọ́ wòlímọ̀ tó pé. Tí owó náà ò bá padà, kò sí òmíràn.

Èmi àti Bàbá la gbé e lọ ní ọjọ́ kejì. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mpape, Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi jókòó létí, gàárì wà láàárín wa. Kọ̀ǹdọ́ ò wo ojú wa dáadáa, ó ń ka orí lọ, ó ní, "Bàbá, owó ènìyàn mẹ́ta." Bàbá ní èwo ni mẹ́ta. Ó tún wò, ó wo gàárì, ó fọwọ́ pa ojú, ó ní kí a má bínú, òun rò pé àgbàlagbà kan ló jókòó síbẹ̀. Síbẹ̀ ó gba owó mẹ́ta. Kọ̀ǹdọ́ Abuja, bí iwin bá wọ ọkọ̀ ẹ̀, iwin á sanwó.

Alhaji Bùsàrí ló ni ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá ti ra gàárì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é, àgbà ni, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí i. Ìjánu ń rọ̀ láti òkè ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ṣaworo ọrùn ẹṣin wà níbẹ̀ ní ìdì ìdì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé gàárì yẹn kọjá lábẹ́ wọn, gbogbo wọn dákẹ́. Alhaji kí Bàbá dáadáa, ó fún wa ní àga àti omi inú ọ̀rá. Bàbá ṣàlàyé. Alhaji ń mi orí, ó ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, títí ó fi yí gàárì wò tó rí ibi tí Bàbá tú tí wọ́n tún rán. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ọjà tí ọ̀bẹ bá ti kàn ti di ti ẹni tó rà á, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọjà. Bàbá ní ọ̀bẹ kan òwú, kò kan igi. Alhaji ní báwo ni òun ṣe mọ̀ pé kì í ṣe nílé wa ni igi ṣẹ́. Ó nawọ́ sí mi, ó ní ẹ tiẹ̀ wo ọmọ yìí, bàbá, ẹ wo bó ṣe jókòó lórí àga mi, ṣé ìwọ̀n kékeré nìyí. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ ń lọ síbi ọ̀rá mi, kò lọ síbi ọwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Bàbá kì í pariwo, ohùn wọn á kàn máa lọ sílẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, Alhaji gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra. Tuntun ni gàárì yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀."

Mo wo Bàbá. Mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Nílé wa, ẹni tó bá ti fi Ọlọ́run búra, ẹ fi òun àti Ọlọ́run sílẹ̀, ẹ gbé ẹrù yín. Bàbá ò lè bá ìbúra jà. Wọ́n dìde, wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí gàárì. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gbẹ. Kì í ṣe nítorí wòlímọ̀ mọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbà gbọ́. Mo rí i pé Bàbá máa gbé gàárì tó ti ṣẹ́ gun òkè padà pẹ̀lú ẹ̀yìn wọn tó ti ń dùn wọ́n, wọ́n á gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á sì gbà pé àwọn ló jẹ̀bi.

Mo ní, "Bàbá, ẹlòmíì ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ṣáájú wa."

Wọ́n ní kí ni mo wí.

"Tírà kan wà nínú ẹ̀ lápá òsì. Kì í ṣe tiwa. Mo fọwọ́ kàn án."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n wò ó."

Bàbá kàn ń wò mí, kì í ṣe ìwò ìbínú, mo mọ ìwò ìbínú wọn, òun ni mo fi ń jẹun láàárọ̀. Wọ́n ń wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo àtẹ̀gùn ilé ẹ̀ tó ti ń gùn tipẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò dúró dáadáa. Màlàm Audu, tó ń rán awọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ló dìde. Alhaji ní kó fi sílẹ̀. Màlàm jókòó ti gàárì, ó tú apá òsì, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó sì fa á jáde. Tírà ni lóòótọ́. Ó ti dúdú fún òógùn, òwú pupa wà létí ẹ̀. Màlàm gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, ó tún gbé e padà, bí ẹni tó mú àkàrà nínú epo. Ó ní, "Kai," ohùn jẹ́jẹ́, ó sì gbé e lé orí tábìlì. Lókè orí wa, gbogbo ṣaworo inú ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́.

Alhaji jókòó. Ó sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní ọkùnrin kan ló gbé e wá láti Jíkwọ̀yí, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín, ó máa ń gun ẹṣin níbi ìgbéyàwó. Níbi ọ̀kan nínú wọn ni ẹṣin ti ṣubú lé e lápá òsì, kò dìde mọ́. Alhaji ní òun rà á, òun ní kí wọ́n lẹ igi ẹ̀, kí wọ́n fi awọ tuntun bò ó, òun ò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó owó lé Bàbá lọ́wọ́, ó ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n dáríjì òun nítorí ìbúra yẹn, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ mú tírà náà lọ, òun ò fẹ́ kó sùn sínú ṣọ́ọ̀bù òun. Bàbá gba owó. Wọ́n tú tírà ilé wa kúrò lápá ọ̀tún. Wọ́n di ti ọkùnrin yẹn sínú áńkáṣíìfù funfun lọ́tọ̀, wọ́n sì gba àdírẹ́sì àwọn ará ilé ẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, áńkáṣíìfù wà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó létí. Àyè ẹnì kan wà láàárín wa. Ọkọ̀ kún, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ síra wọn, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ń wá ibi jókòó, ó wo àyè yẹn, ó sì yà sí ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ títí a fi dé Mpape. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá lọ sí Jíkwọ̀yí. Mo ti wọ bàtà, wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jókòó, wọ́n sì sọ fún Ìyá Àgbà, kì í ṣe fún mi, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìyàwó ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gba tírà, ó fi kan iwájú orí, nǹkan tó sì kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ṣé ọmọ yẹn ò fara pa. Ìyá Àgbà ní ẹ ti ròyìn fún un nìyẹn. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní àwọn ò tíì dárúkọ ọmọ kankan. Ìyá Àgbà ní kí Bàbá máa jẹun, kí ọbẹ̀ má tutù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ò dún mọ́ láti ọjọ́ yẹn. A rí gàárì mìíràn rà, kò dán, ṣùgbọ́n igi ẹ̀ le, ọwọ́ Màlàm Audu ló sì ti jáde. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, mo múra tán, mo wé láwàní, mo jáde síwájú ilé. Bàbá gbé Rámátù lé ẹṣin. Ìyá mi la ẹnu láti sọ nǹkan nípa àṣà, Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Bàbá fún mi ní okùn ẹṣin, wọ́n ní kí n máa fà á lọ. Mo fà á. Rámátù ò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ó ń ké Kùránì lókè yẹn lọ, àwọn ènìyàn ń jáde láti gbọ́ ọ, èmi sì ń wo ilẹ̀, kí n má baà tẹ ìgbẹ́ tí mo mọ̀ pé èmi ni n ó kó.

Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Lálaalẹ́, lẹ́yìn Màgàríbì, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú wa, Bàbá máa ń bi mí pé ṣé mo ti ti géètì ẹṣin. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fọ ọwọ́, ó parí. Láti ọjọ́ tí a dé láti ọjà, wọ́n ṣì ń bi mí, mo ṣì ń ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì rọra dìde. A ó gbọ́ ìró sálúbàtà wọn tó ń lọ sẹ́yìn ilé, á dúró, a ó gbọ́ irin, sálúbàtà á tún máa bọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní oúnjẹ yìí dùn. Wọn ò bá mi wí rí, wọn ò tún dárúkọ gàárì yẹn létí mi mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọyẹ́ tán, ooru dé, ooru kọjá. Mo máa ń ti géètì yẹn débi pé mo máa ń dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí nǹkan kan padà. Sálúbàtà á lọ, sálúbàtà á bọ̀.

Ó di àárín òjò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń ṣe winniwinni, tùwó wà nílẹ̀, Bàbá bi mí pé ṣé mo ti ti géètì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń dúró de ìró sálúbàtà. Bàbá fa àwo wọn mọ́ra, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà fi ata kún un. Mo mú òkèlè, kò lọ. Mo mọ̀ pé mo ti tì í, ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún irin. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó. Mo dìde, mo bọ́ sínú òjò láìwọ bàtà, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé ọwọ́ lé géètì. Ó wà ní títì. Mo dúró síbẹ̀, òjò ń pa mí, mo gbọ́ tí Bàbá ń bi wọ́n nínú ilé pé ibo ni Àlàó gbà lọ, tí Ìyá Àgbà sì ní ó lọ wo géètì. Mo gbọ́ tí Bàbá ń jẹun lọ.